Orí Kẹrin: Ìbọn Atamátàsé No. 4 (T) lórí Pápá Bisley

Ẹ má tíì gbé e sí èjìká. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí ẹ gbé ìbọn náà lé e, kí ẹ fa bóòtù rẹ̀ sẹ́yìn kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Kí ẹ wá fi ìka tọ ọrùn igi rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò ayìnbọn máa ń gùn. Bó bá jẹ́ ojúlówó No. 4 (T), ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n tẹ̀ sínú igi níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé nọ́ńbà ìbọn ni. Nọ́ńbà awò tó wà lórí rẹ̀ ni. Wọ́n kọ nọ́ńbà awò sára ìbọn, wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn sára irin tó di awò mú, kí jagunjagun tó jí lóru nínú ẹrẹ̀ má baà gbé awò ìbọn kan lé òmíràn lórí. Ìbọn kan, awò kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín nínú orí yìí, orí ìgbàgbọ́ yẹn ló dúró lé: ohun tó bá bá ara mu, ẹ má tú u ká, ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́ẹ̀kan tó dára, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ BSA ní Shirley, lẹ́bàá Birmingham, ń rọ ìbọn Lee-Enfield No. 4 lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n máa ń yin wọ́n wò lórí pápá. Èyí tí ọta rẹ̀ bá ń bọ́ síbi kan náà, tí kò fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí a dà fún adìẹ, wọ́n á yà á sọ́tọ̀. Láti 1942 ni wọ́n ti ń kó àwọn àṣàyàn yìí lọ fún Holland & Holland ní London, àwọn oníṣẹ́ ìbọn tó jẹ́ pé ìbọn ọdẹ fún àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń ṣe kí ogun tó dé. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tí awò máa jókòó lé, wọ́n fi igi kékeré kan lé ìdí ìbọn kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè rí ibi fara tì, wọ́n sì gbé awò No. 32 lé e, èyí tó ń mú ohun ọ̀ọ́kán sún mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́ta. Awò náà gan-an, fún ìbọn Bren ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn án. Ìbọn tí ilé iṣẹ́ Holland & Holland parí báyìí lé ní 20,000.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ wo àmì T lára irin ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ wo S51 lábẹ́ ìdí ìbọn, tí í ṣe àmì Holland & Holland, kí ẹ sì wò bóyá M47C wà lára rẹ̀, àmì BSA ti Shirley. Ẹ fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, torí pé owó No. 4 (T) fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju owó No. 4 lásán lọ, ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ ìlùhò lè kan irin pẹlẹbẹ méjì mọ́ ìbọn èyíkéyìí. Ẹ mú ẹni tó ti tú ojúlówó palẹ̀ rí dání kí ẹ tó sanwó.

Ìbọn Lee-Enfield kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa tó bá ìpín ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ jà ní Bọ́mà mọ ìdílé ìbọn yìí bí ẹni mọ owó. Lẹ́yìn ogun, ọlọ́pàá Nàìjíríà gbé “Mark Four” kọ́ èjìká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo di No. 4 mú ní Bisley, ohun tó kọ́kọ́ bá mi lọ́wọ́ ni ìwúwo igi rẹ̀, ọkàn mi sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà báǹkì nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1988 ni òfin ti gba ìbọn ńlá tó ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ìbọn oníbóòtù, tí a ń fi ọwọ́ ṣí tí a ń fi ọwọ́ tì, ló kù fún wa lórí pápá jíjìn. Ẹ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ ó sì wà lábẹ́ àmójútó fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó di ọmọ ẹgbẹ́ gidi. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tọrọ ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n á wá sílé yín, wọ́n á wo àpótí irin tí ẹ fẹ́ máa ti ìbọn mọ́, wọ́n á béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ẹni tó bá sì ń ronú pé òun á gbé e lọ sílé ní Nàìjíríà bó bá dọdún, kó yáa gbàgbé: òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn ológun sí ohun tí ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ní.

Pápá Bisley wà ní Surrey. Ẹgbẹ́ National Rifle Association ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, ń pàdé ní Wimbledon tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ síbẹ̀ ní 1890. Century ni pápá tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, láti yáàdì 100 títí dé 600. Stickledown ni ti yáàdì 800 sí 1,200; ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná.

Bóòtù àti ọta

Ẹni tó bá ti ti ìdábùú ilẹ̀kùn irin rí mọ bóòtù ìbọn. Ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ẹ fà á sẹ́yìn, ìkarahun ọta tó ti jó á fò jáde. Ẹ tì í síwájú, ó gbé ọta tuntun wọlé. Ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀kùn tì. Ti Lee-Enfield yàtọ̀ sí ti Mauser àwọn Jámánì ní ohun kan: ìgbà tí ẹ bá ń tì í síwájú ni ó máa ń kẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń gbé e sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé ó fẹ́ràn kí a tì í gbọn-in gbọn-in ní òpin. Ẹni tó bá rọra tì í bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, bóòtù náà á dá dúró lágbede méjì.

Àpótí ọta rẹ̀ ń gba 10. Lára No. 4 lásán, a lè fi ìdìpọ̀ márùn-ún márùn-ún kún un láti òkè, ṣùgbọ́n awò ti dí ọ̀nà yẹn lára èyí tí à ń sọ yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa tẹ̀ wọ́n sínú. Ẹ ṣọ́ra níbí: ìdí ọta .303 tí ìbọn yìí ń lò ní ètè tó yọ síta yíká. Ètè ọta tó wà lókè gbọ́dọ̀ wà níwájú ètè ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn, méjèèjì á há mọ́ra wọn, bóòtù kò sì ní lọ. Mo ti rí ẹni tó fi ìbínú gbá bóòtù báyìí títí ó fi fi awọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára irin. Ẹ yọ ọta náà, ẹ tò ó padà, ó tán.

Fún ẹni tó ń kọ́ ìyìnbọn pípé, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó má tilẹ̀ fi ọta sínú àpótí rárá. Ẹyọ kan ni kó gbé sẹ́nu, kó yìn ín, kó tó mú òmíràn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì dé Brazil ṣì ń ki òrìṣà náà gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ọlọ́fà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ti na ọwọ́ mú ọta. Bàbá tó bí ìyá mi, ọdẹ ni, ṣakabùlà ló ń lò. Kí ó tó rọ ẹ̀tù, kí ó tó ki í, kí ó tó fi ọta sí i, ẹran ti dé òdìkejì òkè. Nítorí náà kò yìn ín bí kò bá dá a lójú. Ẹni tó ní ọta mẹ́wàá nínú àpótí máa ń yára gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí.

Bí ẹ bá fa tírígà tí ọta kò dún, ẹ má ṣí bóòtù. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn dojú kọ àmì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, nítorí ẹ̀tù tó pẹ́ jó ṣì lè jó. Ẹ sọ fún ọ̀gá pápá. Bákan náà, láti ìgbà tí ẹ bá ti dé pápá títí ẹ ó fi kúrò, ohun ìbotí kò gbọ́dọ̀ kúrò létí yín nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń yìnbọn. Etí tó bá ti lọ kì í padà.

Bí a ṣe ń sùn ti ìbọn

Ẹ dojú bolẹ̀. Ẹ má sùn gbọọrọ tọ ẹ̀yìn ìbọn; ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn, kí ara rẹ̀ yà díẹ̀ sí òsì. Ẹ na ẹsẹ̀ òsì, kí ẹ ká orúnkún ọ̀tún sókè díẹ̀ kí ikùn lè kúrò nílẹ̀, nítorí bí ikùn bá tẹ ilẹ̀, ìlù ọkàn yín á máa gbé ìbọn sókè sódò, ẹ ó sì máa rí i nínú awò. Ìgbọ̀nwọ́ òsì, ẹ gbé e sábẹ́ ìbọn bí ó bá ti lè ṣe tó. Okùn ìbọn tó fún mọ́ apá òsì yín lókè ìgbọ̀nwọ́ ni yóò ru ẹrù náà. Egungun àti okùn ni kí ó gbé ìbọn. Ẹran ara máa ń rẹ̀, tó bá sì ti ń rẹ̀, ó ń gbọ̀n.

Ìdánwò kan wà tí mi ò fi ṣeré, tí mo máa ń ṣe kí n tó yin ọta àkọ́kọ́ àti nígbàkúùgbà tí mo bá ti mira. Ẹ dojú awò kọ àmì. Ẹ pa ojú dé. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ tú gbogbo ara yín sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ sùn. Ẹ la ojú. Níbo ni òpó inú awò wà báyìí? Bó bá ti yà sí ọ̀tún àmì, ibẹ̀ ni ara yín fẹ́ yìn. Ẹ má fi agbára ọwọ́ tì í padà. Ẹ sún ìbàdí, ẹ sún ìgbọ̀nwọ́, títí tí ẹ ó fi la ojú tí òpó yóò sì ti wà lójú àmì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tì í, ní ìṣẹ́jú tí tírígà bá já, ọwọ́ á dẹ̀, ìbọn á padà síbi tó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, ọta á sì bá a lọ.

Ojú yín kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ awò jù. Ẹ fi àyè tó tó ìka mẹ́rin sílẹ̀. Ìbọn yìí ń ta sẹ́yìn, awò náà jẹ́ irin, ìpéǹpéjú sì rọ̀. Bí ẹ bá wò ó tí ẹ rí òjìji dúdú bí oṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú awò, orí yín kò sí láàárín. Ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi títí tí gbogbo òbìrí náà yóò fi mọ́ kedere, kí ẹ sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ síbẹ̀ gan-an nígbà gbogbo.

Tírígà, àti ohun tí ẹ ó sọ kí ẹ tó wò

Inú awò No. 32, òpó kan ló dúró láti ìsàlẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dábùú rẹ̀. Orí òpó ni ẹ ó gbé sí àárín àmì. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta. Ní òpin èémí tó jáde, kí òmíràn tó wọlé, ìdákẹ́jẹ́ kan wà níbẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọta máa ń lọ. Bí ó bá ti pẹ́ tí ojú yín ti ń ṣú, ẹ fi ìka sílẹ̀, ẹ mí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lé yín.

Ìfà méjì ni tírígà Lee-Enfield. Àkọ́kọ́ rọ̀, ó ń bọ̀ bí ẹni ń fa rọ́bà. Lẹ́yìn náà ìka á kan ògiri. Ẹ dúró lára ògiri yẹn. Láti ibẹ̀, ẹ máa fi kún agbára ìka díẹ̀díẹ̀, tààrà sẹ́yìn, láìsọ fún ara yín pé “ó yá.” Ẹni tó bá sọ pé ó yá, èjìká rẹ̀ á ti le, ojú rẹ̀ á ti pa dé, kí ìbọn tó dún. Kí ìró náà bá yín lójijì. Tó bá ti dún, ẹ má fi tírígà sílẹ̀ kíá; ẹ dì í mú síbẹ̀, ẹ ṣì máa wo inú awò, kí ẹ rí ibi tí òpó fò lọ àti ibi tó padà sí.

Báyìí la dé ibi tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé yìí. Ní Bisley, ẹni kan wà nínú kòtò lábẹ́ àmì. Bí ọta bá ti kọjá, ó á fa àmì wálẹ̀, ó á fi nǹkan róbótó kékeré kan dí ojú ihò, ó á sì tún gbé e sókè kí ẹ rí i. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló wà láàárín ìró ìbọn yín àti ìgbà tí àmì máa jáde padà. Nínú àyè yẹn, ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹni tó jókòó tì yín gbọ́: “Ọ̀tún, ìsàlẹ̀ díẹ̀.” Tàbí: “Àárín.” Ibi tí òpó wà ní ìṣẹ́jú tí tírígà já ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ ibi tí ọkàn yín ń fẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí àmì tó gòkè.

Lẹ́yìn náà ẹ wò ó. Bí ẹ bá sọ pé ọ̀tún, tí ihò sì wà ní ọ̀tún, ìbọn yín dára, awò yín dára, ọwọ́ yín ló ṣẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù tí a fi ń tún awò ṣe. Bí ẹ bá sọ pé àárín, tí ihò wà ní ọ̀tún, tí ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo afẹ́fẹ́, tàbí kí ẹ wo awò. Bí ẹ kò bá sì mọ ibi tí òpó wà nígbà tó dún, ojú yín ti pa dé nìyẹn, ọ̀rọ̀ awò kò tíì kàn yín.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí mo lò ní yáàdì 600, mi ò mọ èyí. Ọta àkọ́kọ́ bọ́ sí òsì. Mo yí nọ́ọ̀bù sí ọ̀tún. Ìkejì lọ sí ọ̀tún jù. Mo yí i padà. Ìkẹta lọ sókè. Títí mo fi yin 15 tán, mò ń lé ihò kiri bí ọmọdé tó ń lé labalábá, awò mi sì ti kúrò níbi tí mo ti fi í sí láàárọ̀. Bàbá Gẹ̀ẹ́sì kan tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò sọ nǹkan kan títí mo fi parí. Ó wá na ìwé tirẹ̀ sí mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta kọ̀ọ̀kan, ó ti kọ ohun tó pè é kí àmì tó gòkè, àti ibi tí ihò wà gan-an. Nínú 15, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù.

Títún awò ṣe

Àwọn ayìnbọn ń fi mínìtì wọn àṣìṣe. Ẹ mú òbìrí kan, ẹ pín in sí dígírì 360, ẹ mú dígírì kan, ẹ pín in sí 60: ẹyọ kan nínú 60 yẹn ni mínìtì. Ní yáàdì 100, mínìtì kan fi díẹ̀ lé ní íǹṣì 1. Ní 300, ó lé díẹ̀ ní íǹṣì 3. Ní 600, ó lé ní 6. Lára awò No. 32 Mark III, bí ẹ bá ti ń yí nọ́ọ̀bù, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Kẹ́ kan, mínìtì kan. Ti Mark I le jù bẹ́ẹ̀ lọ: yáàdì 50 ló ń fi fò láti ìgbésẹ̀ kan sí èkejì fún gíga, kò sì gba àtúnṣe kékeré.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní yáàdì 100, kí ẹ fi iwájú ìbọn lé àpò yanrìn. Igi ni kó gùn ún o, ẹ má jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn fara kàn án. Ẹ yin márùn-ún láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ihò kan kò sọ nǹkan fúnni. Márùn-ún ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá àárín àwọn márùn-ún, ẹ wọn bí ó ṣe jìnnà sí àárín àmì, ẹ yí nọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tún yin márùn-ún. Bí márùn-ún bá wà nínú íǹṣì 2 sí 3, inú yín lè dùn: ìbọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni ẹ ń lò. Bí ó bá fọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdè méjì tó di awò mú wò, tí ẹ ń fi ọwọ́ yí, kí ẹ tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, igi. Igi iwájú No. 4 gbọ́dọ̀ máa tẹ ọ̀pá ìbọn sókè díẹ̀ níbi tó sún mọ́ ẹnu. Bí igi bá ti gbẹ jù tàbí tó ti mu omi, ìtẹ̀ náà á yí padà, ọta á sì máa rìn kiri.

Tí 100 bá ti dúró, ẹ lọ sí 200, 300, 600. Ní ibi kọ̀ọ̀kan ẹ kọ ohun tí nọ́ọ̀bù kà sílẹ̀. Ìwé yẹn yóò wúlò fún yín ju ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sára nọ́ọ̀bù lọ, torí pé ọta tí wọ́n fi ṣe ìṣirò tiwọn ni Mark VII, tí orí rẹ̀ wúwo tó 174 gíréènì, tó ń jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 2,440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta tí ẹ rà lè má rí bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ènìyàn lè fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ. Afẹ́fẹ́, ẹ ó kọ́ ọ títí.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní máìlì 10 láàárín wákàtí kan, tó dábùú pápá, á ti ọta Mark VII kúrò lójú ọ̀nà ní nǹkan bí íǹṣì 8 ní yáàdì 300. Ẹni tó bá rò pé ní 600 yóò jẹ́ 16, ó ti ṣìnà. Ó máa lé ní íǹṣì 30. Ọta ń rẹ̀ bó ṣe ń lọ, bó bá sì ti ń rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ráyè mú un. Jíjìn di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fojú inú wo aago tó dùbúlẹ̀ sórí pápá, aago 12 ní ọ̀dọ̀ àmì, ẹ̀yin gan-an ní aago 6. Atẹ́gùn tó wá láti aago 3 tàbí 9, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó kà. Èyí tó wá láti aago 1 tàbí 11, ìdajì. Èyí tó wá tààrà láti 12 tàbí 6, ẹ lè fi í sílẹ̀, àmọ́ òun ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí jù, nítorí bó bá yà díẹ̀ péré sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ọta á ti yà bá a, àsíá kò sì ní jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀.

Àsíá wà lórí pápá, ẹ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n aṣọ àsíá tó mu omi máa ń parọ́. Lójọ́ tí oòrùn bá mú, mo gbẹ́kẹ̀ lé ooru. Ẹ mọ bí ọ̀nà ọ̀dà ṣe máa ń rí lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, tí nǹkan bí omi ń jó lórí rẹ̀ níwájú mọ́tò. Ohun kan náà wà lórí koríko Bisley. Ẹ gbé awò ńlá kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ àmì, kí ẹ wá yí i díẹ̀ títí tí ibi tó wà níwájú àmì yóò fi mọ́. Ẹ ó rí ooru náà tó ń ṣàn bí odò. Bó bá ń ṣàn láti òsì sí ọ̀tún, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Bó bá dùbúlẹ̀ pátápátá, tó ń sáré, afẹ́fẹ́ le. Bó bá ń hó lọ sókè tààrà bí ìkòkò tó wà lórí iná, afẹ́fẹ́ ti dúró tàbí ó ń tọ ojú ìbọn lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ó fẹ́ yí padà ni. Nígbà tó bá ń hó báyìí, mo máa ń gbé ìka kúrò lára tírígà.

Ẹ má gbìyànjú láti mọ gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹ jókòó wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Èwo ló ń padà wá jù? Ẹ tún nọ́ọ̀bù ṣe fún ìyẹn, kí ẹ sì dúró dè é. Tó bá dé, ẹ yìn. Tó bá lọ, ẹ sinmi, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa fi ọta tirẹ̀ ṣòfò.

Kí ẹ tó kúrò

Ẹ kó ìkarahun ọta yín jọ, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ibi tí Lee-Enfield ti ń ti bóòtù pa wà lẹ́yìn, kò sí níwájú bíi ti Mauser, nítorí náà ìkarahun máa ń nà díẹ̀ nígbà tó bá jó. Ẹni tó bá ń tún ìkarahun lò ní láti ṣọ́ra gan-an. Ẹ mú wáyà tín-ín-rín, ẹ tẹ orí rẹ̀, ẹ tì í bọ inú ìkarahun, kí ẹ rọra fi orí rẹ̀ fa ara ògiri inú lọ sísàlẹ̀. Bó bá kọ́ mọ́ nǹkan bí kòtò yíká nítòsí ìdí, ìkarahun yẹn fẹ́ já sí méjì. Ẹ sọ ọ́ nù. Bí ọ̀pọ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, orí bóòtù ti jẹ. Orí bóòtù No. 4 máa ń ní nọ́ńbà 0, 1, 2 tàbí 3 bí wọ́n ṣe ń gùn síi. Oníṣẹ́ ìbọn ló mọ èyí tó yẹ, ẹ má dá a pààrọ̀ fúnra yín.

Tí ó bá jẹ́ ọta ológun àtijọ́ lẹ yìn, epo nìkan kò tó láti fi nu ìbọn. Ohun tó ń tan iná nínú ọta yẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Ẹ mọ bí iyọ̀ ṣe máa ń rin nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni eléyìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ kan náà. Epo kò lè tú iyọ̀. Omi ló ń tú u. Ẹ se omi kó hó, ẹ yọ bóòtù, ẹ fi àrọ da omi náà gba ẹ̀yìn ọ̀pá jáde lẹ́nu, kí ẹ má jẹ́ kó kan igi. Ọ̀pá á gbóná débi pé yóò gbẹ ara rẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun gbà á kọjá títí tí yóò fi jáde ní funfun, ẹ wá fi epo díẹ̀ sí i. Ẹ fọ orí bóòtù pẹ̀lú.

Ẹ tú ìdè méjèèjì, ẹ yọ awò, ẹ nu ojú gíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí kò ní iyanrìn, ẹ dá a padà sínú agolo rẹ̀. Ẹ kọ iye ọta tí ẹ yìn lónìí sínú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ pè àti ohun tí ẹ rí. Nígbà tí ẹ bá gbé ìbọn sínú àpótí irin, ẹnu rẹ̀ ni kó kọjú sílẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, kí epo tó ṣẹ́kù má baà ṣàn wá sẹ́yìn wọ igi lọ́rùn, níbi tí nọ́ńbà awò wà.